Ẹ̀wà Tó Ń Rọ Lóko Ilẹ̀ Gbígbẹ: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Àrùn Tó Ń Bá A Jà Kí Ẹ Tó Náwó

Ní Kánò, Katsina àti Jigawa, títí wọ ilẹ̀ Niger ní agbègbè Maradi àti Zinder, ẹ̀wà kì í ṣe oúnjẹ ènìyàn nìkan. Bí wọ́n bá ti ká a tán, wọ́n á gé ewé àti ìtàkùn rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, wọ́n á dì í ní ìdì-ìdì, wọ́n á sì gbé e sórí òrùlé tàbí sí pàlàkà igi kó lè gbẹ. Harawa ni àwọn Hausa ń pè é. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí koríko tán nínú igbó, òun ni àgbò, ewúrẹ́ àti màlúù fi ń gbé ara ró, owó rẹ̀ á sì gbówó lórí. Púpọ̀ nínú àgbò tí à ń rà ní Ìbàdàn àti Èkó nígbà Iléyá ló ti jẹ ẹ́ kó tó délé wa.

Ìdí nìyí tí àrùn tó ń mú ẹ̀wà rọ fi ń pa àgbẹ̀ lára lọ́nà méjì. Hóró rẹ̀ kò ní yó, ewé rẹ̀ á sì ti já sílẹ̀ kí ọjọ́ gígé tó pé. Ewé yìí ni purotéènì wà nínú rẹ̀ jù. Tó bá ti já, igi lásán ló kù, ẹran á kàn máa ṣà á jẹ ni.

Nígbà tí ẹ̀wà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn ni ọ̀pọ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Owó àfiṣòfò ni, torí fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìrọ yìí (ẹbí olú ni, àti ti ohun tó máa ń hu sára búrẹ́dì) kò sí lórí ewé. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, gbòǹgbò ló gbà wọlé. Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oògùn tí a fín sára ewé náà ni ẹran máa jẹ lọ́la.

Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni ká mọ èyí tó ń ṣe ẹ̀wà gan-an, nítorí àrùn tó ń mú ẹ̀wà rọ ju ẹyọ kan lọ, ohun tó ń wo ọ̀kan sì lè máa bọ́ èkejì.

1. Ẹ wo oko láàárọ̀ kùtù

Ẹ̀wà tó rọ lọ́sàn-án tó sì nà ró ní ìdájí, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ẹ má tíì pè é ní àìsàn. Èyí tí ilẹ̀ mọ́ bá tó ṣì so orí kọ́, tí àwọn tó yí i ká sì dúró dáadáa lórí ilẹ̀ kan náà, òun ni kí ẹ fura sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bó ṣe tàn káàkiri. Àrùn Fusarium (orúkọ ọ̀kan nínú àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì inú ilẹ̀ náà nìyẹn) sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ojú kan, á wá máa fẹ̀ sí i lọ́dọọdún, á sì máa tẹ̀lé ọ̀nà tí màlúù tàbí katakata gbà túlẹ̀, tàbí ọ̀nà tí omi òjò ń ṣàn gbà. Ewé ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ pọ́n. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan lára ẹ̀wà náà á pọ́n nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì tutù yọ̀yọ̀, kódà ewé kan ṣoṣo lè pín sí méjì bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀wà ń yọ òdòdó tó sì ń so ló sábà máa ń hàn.

Àrùn eérú, tí fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn tó ń jẹ́ Macrophomina ń fà, fẹ́ràn ẹ̀wà tí ìyà ń jẹ. Ìgbà tí òjò bá dá lójijì, tí oòrùn ń mú, tí ẹ̀wà sì ní ọmọ lọ́rùn tó ń wá omi fún, ni ó máa ń kọlù ú. Ibi tí iyanrìn pọ̀ sí, ibi tí ilẹ̀ kò jinlẹ̀ àti orí òkè oko ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Bí ooru bá pọ̀ nígbà ìgbìn, ó lè pa ọmọ ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù pẹ̀lú.

2. Ẹ wú u, ẹ là á

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ẹ má fa ẹ̀wà tu, torí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ á já sínú ilẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rí wà. Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká, kí ẹ gbé e jáde pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀, kí ẹ wá rọra gbọn yẹ̀pẹ̀ náà dànù. Ẹ mú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ, ẹ mú èyí tó ti rọ dé ìdajì, ẹ sì mú èyí tára rẹ̀ le kí ẹ lè fi wé ara wọn. Èyí tó ti kú pátápátá kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Oríṣiríṣi nǹkan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa ń hù sára òkú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti gbòǹgbò. Ẹ̀wà tára rẹ̀ le máa ń ní kókó róbótó-róbótó lára gbòǹgbò, èyí tó ń bá a wá ounjẹ nínú afẹ́fẹ́. Ẹ fi ìka ti ọ̀kan. Tó bá ṣí kúrò wẹ́rẹ́, tí inú rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀, ohun rere ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú, tí kò ṣeé ṣí kúrò àfi kí gbòǹgbò já, aràn inú ilẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn aràn tíntínní tí ojú lásán kò lè rí. Ọ̀rọ̀ wọn kan àrùn yìí gan-an. Ihò tí wọ́n bá lu ni Fusarium ń gbà wọlé, wọ́n sì lè mú kí irú ẹ̀wà tó yẹ kó kojú Fusarium ṣubú fún un.

Tí ẹ bá rí ohun kan tó so mọ́ gbòǹgbò bí ìdí ewéko kékeré, tí orí rẹ̀ sì ń yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà pẹ̀lú òdòdó àlùkò tó ṣì díẹ̀, Striga gesnerioides nìyẹn. Èpò tó ń mu oje ẹ̀wà ni, kì í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ó ń mú ewé pọ́n, ó ń mú ẹ̀wà rọ, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ní gbogbo àríwá. Ẹ̀wà lè ti máa ṣàìsàn kí orí rẹ̀ tó yọ sókè, torí náà gbòǹgbò ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ó wá ku igi ẹ̀wà. Ẹ wo ibi tó ti kan ilẹ̀. Bí ó bá ti di àwọ̀ eérú níbẹ̀, tí èèpo rẹ̀ ń já wẹ́wẹ́, ẹ fi èékánná họ ọ́. Tí ẹ bá rí àwọn nǹkan dúdú tíntínní tí kò tó orí abẹ́rẹ́, tí wọ́n wà káàkiri lábẹ́ èèpo àti nínú igi, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Macrophomina phaseolina ni. Àwọn dúdú yẹn ni ohun tí ó fi ń sùn sínú ilẹ̀ dé ọdún tó ń bọ̀, wọ́n sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Tí èèpo bá dára, tí kò jẹrà, tí kò ní eérú, ẹ fi ọ̀bẹ mímú la igi náà sí méjì ní gígùn, láti orí gbòǹgbò lọ sókè. Ìlà pupa rúsúrúsú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ tó ń gba inú igi lọ sókè, nígbà tí èyí tí ẹ fi wé e funfun, òun ni àmì Fusarium oxysporum. Irú rẹ̀ tó ń bá ẹ̀wà jà ni tracheiphilum. Ojú ọ̀nà tí omi ń gbà gun igi ló dí, bí ìgbà tí páìpù inú ilé bá dí. Ìyẹn ni ewé fi ń gbẹ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù.

Ẹ lè rí òmíràn: òwú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ìdí ẹ̀wà, pẹ̀lú àwọn hóró róbótó tó funfun ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì di àwọ̀ ilẹ̀ nígbà tó yá. Sclerotium rolfsii ni, fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn. Omi àti ooru pa pọ̀ ló fẹ́ràn, nítorí náà fàdámà (ilẹ̀ àkùrọ̀) tí wọ́n ń bomi rin àti abẹ́ ewé tó ṣú jù ni ẹ ti lè bá a pàdé ní ilẹ̀ gbígbẹ.

Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì rú yín lójú, ẹ gbé e lọ sí ibi àyẹ̀wò. Ẹ fi pépà wé e pẹ̀lú gbòǹgbò àti yẹ̀pẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ lọ́jọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá, ooru inú ọ̀rá á ti jẹ ẹ́ rà kí ẹ tó débẹ̀. IAR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Samaru, Zaria, ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀wà tipẹ́. IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ní ibùdó ní Kánò, Yunifásítì Bayero náà sì ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀.

3. Ohun tí ẹ lè ṣe lọ́dún yìí kò pọ̀

Ẹ̀wà tí Fusarium ti wọ inú rẹ̀ kò ní sàn mọ́. Tó bá jẹ́ díẹ̀ ló ṣe, ẹ wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò sínú àpò, kí ẹ gbé e kúrò lóko, má ṣe fà á kọjá láàárín àwọn tó dára. Apá oko tó mọ́ ni kí ẹ máa kọ́kọ́ ro, kí ẹ tó wọ ibi tí àrùn wà. Ẹ fọ ọkọ́, ẹ gbọn yẹ̀pẹ̀ ìdí bàtà. Ẹ bẹ ẹni tó ń fi màlúù túlẹ̀ fún yín náà pé ibi tó mọ́ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ ṣáà bẹ̀ ẹ́.

Tí ó bá jẹ́ àrùn eérú, tí ẹ sì ní omi, ìbomirin nígbà tí hóró ń yó lè gba púpọ̀ là. Ẹni tó ń dúró de òjò kò ní àǹfààní yìí.

Àmọ́ ẹni tó ń gbin ẹ̀wà fún ẹran ní ohun kan tí ẹni tó ń wá hóró nìkan kò ní: ó lè gé e kí ọjọ́ tó pé. Tí ẹ bá rí i pé àrùn ti mú tó ìdá kan nínú mẹ́ta oko, tó ń tàn, tí òjò kò sì jọ pé ó máa padà, ẹ ṣírò rẹ̀. Hóró tí ẹ ń retí lè má dé, ewé tó wà lórí igi lónìí sì lè ti wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì sí i. Ní tèmi, màá gé e. Harawa tó ní ewé tútù nínú yóò rí owó rà á, èyí tó ti gbọn ewé dànù kò níyì lọ́jà. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ máa yí i padà, kí ìrì àti òjò ìkẹyìn má bà á mú un bu. Èyí tó bá ti bu, ẹ má gbé e fún ẹran.

4. Ilẹ̀ ọdún tó ń bọ̀

Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé kí a máa pààrọ̀ ohun tí à ń gbìn sórí ilẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kí la máa fi pààrọ̀? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti pín yà.

Tí ó bá jẹ́ Fusarium, jéró, ọkà bàbà tàbí àgbàdo dára, torí irú Fusarium yìí kì í bá wọn jà. Ọdún kan kò tó, ohun tó ń sùn nínú ilẹ̀ lè pẹ́ gan-an. Ẹ jẹ́ kí ó tó ọdún mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ̀wà tó padà síbẹ̀, kí ẹ má sì rò pé ilẹ̀ náà ti mọ́ porogodo.

Tí ó bá jẹ́ àrùn eérú, ọkà bàbà kò ràn yín lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Macrophomina ń jẹ irúgbìn tó lé ní 500, ọkà bàbà, àgbàdo, ẹ̀pà àti yànmọ̀tí wà lára wọn. Àgbẹ̀ tó gbin ẹ̀wà lọ́dún kìíní, tó gbin ẹ̀pà lọ́dún kejì, tó gbin yànmọ̀tí lọ́dún kẹta, tó wá gbà pé òun ti fún ilẹ̀ nísinmi, ńṣe ló ń bọ́ ọ. Acha, ọkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń gbìn ní Plateau àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ló dára jù tí ẹ bá lè rí i gbìn. Ìwádìí ní Senegal fi hàn pé ó ń mú kí ohun tí Macrophomina fi ń sùn dín kù nínú ilẹ̀, ó sì ṣe é ju jéró lọ.

Tí ó bá sì jẹ́ Striga ẹ̀wà ni ẹ rí, ọkà èyíkéyìí dára, torí kì í bá ọkà jà. Striga mìíràn, hermonthica, ló ń pa ọkà ní tirẹ̀, ẹ̀wà a sì máa tan hóró rẹ̀ hù láìsí ohun tó máa jẹ. Ìdí kan nìyẹn tí àgbẹ̀ àríwá kò fi lè fi ẹ̀wà sílẹ̀ láé.

Fún ilẹ̀ kékeré, bí ibi tí ẹ ti ń gbin irúgbìn tí ẹ máa pamọ́, ooru oòrùn lè bá yín ṣiṣẹ́. Láàárín Máàṣì sí Méè, ẹ túlẹ̀, ẹ bomi rin ín dáadáa, ẹ fi ọ̀rá bò ó, èyí tó mọ́ gaara kì í ṣe dúdú, kí ẹ fi yẹ̀pẹ̀ tẹ etí rẹ̀ yíká. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni. Ó ń dín wọn kù, kò pa wọ́n tán. Owó ọ̀rá kò sì jẹ́ kó ṣeé ṣe fún oko ńlá.

5. Irúgbìn

Àrùn eérú máa ń bá hóró rìn, Fusarium náà lè bá a rìn. Nítorí náà, ẹ̀wà tí a rà lọ́jà Dawanau ní Kánò fún sísè, tí ẹnì kan wá gbìn sí Ṣakí tàbí Ìṣẹ́yìn, lè gbé àlejò tí kò pè wá sílẹ̀ rẹ̀.

Tí ẹ bá ń mú irúgbìn nínú oko yín, orí ìdúró ni kí ẹ ti yàn án. Nígbà tí ẹ̀wà ṣì tutù, ẹ so òwú mọ́ àwọn tára wọn le, tó wà lójú ibi tó mọ́, kí ẹ ká wọn lọ́tọ̀. Ní ibi ìpakà, gbogbo hóró ti jọra, kò sẹ́ni tó máa mọ ọmọ aláìsàn mọ́.

Ní ti irú tí a ń rà, ẹ bi òǹtajà léèrè: àrùn wo ló ń kojú? SAMPEA 10, tí orúkọ rẹ̀ ní IITA ń jẹ́ IT97K-499-35, ń kojú Striga. Ìyẹn kò sọ ọ́ di akọni níwájú Fusarium. Kódà Fusarium kan náà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà. Ní California, irú ẹ̀wà kan tó ń jẹ́ CB46 kojú ẹ̀yà kẹta, ẹ̀yà kẹrin wá yọ, wọ́n sì ní láti mú irú mìíràn, CB27, jáde kó lè kojú méjèèjì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé irú òun ń kojú gbogbo àrùn, ọjà ló ń tà.

Oògùn tí wọ́n fi ń pò irúgbìn, bí èyí tó ní thiram nínú, ń dáàbò bo ọmọ ẹ̀wà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ mọ ìwọ̀n, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìgbìn kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò, kò sì gbọdọ̀ dé ẹnu ẹran tàbí adìyẹ.

6. Omi

Fún àrùn eérú, omi ni oògùn. Ẹ̀wà tí òùngbẹ kò gbẹ máa ń kojú Macrophomina, kódà lórí ilẹ̀ tó kún fún un. Ẹ kọ ebè gígùn, kí ẹ fi yẹ̀pẹ̀ dí poro àárín rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ méjì sí mẹ́ta síra kí òjò má bà á ṣàn lọ. Ẹ da pòròpórò jéró sí i lórí. Ẹ má gbìn ín há: irú tó ń rá nílẹ̀, èyí tó ní ewé púpọ̀ fún ẹran, ẹ fi 75 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ebè sí ebè, kí ẹ fi 50 sáàárín ihò sí ihò. Ìgbìn tó há jù á mu omi ilẹ̀ tán kí Ṣẹ̀tẹ́ńbà tó parí.

Ọjọ́ ìgbìn náà ṣe pàtàkì. Irú àbáláyé bíi Kanannado máa ń dúró de ìgbà tí ọ̀sán bá kúrú kó tó yọ òdòdó. Ó ń fúnni ní ewé rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n bí òjò bá tètè dá, ìgbà tó ń so gan-an ni ọ̀dá máa bá a. Ẹni tí àrùn eérú ti ń dà láàmù, kó pín oko rẹ̀: apá kan fún Kanannado, apá kejì fún irú tó ń yá, tí hóró rẹ̀ á ti yó kí òjò tó lọ.

7. Ilé ẹran

Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà kì í dé ibí yìí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àrùn ti ń rí ọ̀nà padà. Harawa tó wá láti oko aláìsàn ń wọ ilé ẹran. Ẹran á jẹ ewé, á fi ìdí igi tó le sílẹ̀, ìdí igi yẹn gan-an sì ni àwọn dúdú tíntínní wà. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ imí, wọ́n á tọ̀ sí i, a ó wá kó gbogbo rẹ̀ padà sóko ní Méè pé ajílẹ̀ ni. Báyìí ni àrùn tó wà lójú kan ṣe ń di ti gbogbo oko láàárín ọdún mélòó kan.

Ẹ gé harawa ní gíga díẹ̀ sí ilẹ̀, kí ìdí rẹ̀ má bà á wọlé. Ìdí tó kù lóko, ẹ wú u kí ẹ sun ún. Ìṣẹ́kù tí ẹran kò jẹ, ẹ gbá a lọ́tọ̀ kó tó dàpọ̀ mọ́ imí. Imí tó ti dàpọ̀ mọ́ ọn, ẹ kó o jọ ní òkìtì tó ga tó ìbàdí, ẹ bomi wọ́n ọn kó rin, kó má sì rin jù, ẹ fi ọ̀rá bò ó. Inú òkìtì gbọ́dọ̀ gbóná débi pé ọwọ́ kò lè dúró níbẹ̀. Tó bá ti tutù, ẹ yí ti ẹ̀gbẹ́ sí àárín kó tún gbóná, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ibi tí omi bá ti ṣọ̀wọ́n tí èyí kò ṣeé ṣe, ẹ dá imí náà padà sórí ilẹ̀ tí ẹ̀wà rẹ̀ ti wá, kí ẹ má ṣe gbé e dé èyí tó ṣì mọ́.